Bí A Ṣe Ń Lo Ọmọ Ogun Onílẹ̀ nínú Age of Empires III

Ní òpópónà Rockey, ní Yeoville ní Jóbọ̀gì, èèyàn á gbọ́ Lingala, Shona, Zulu àti Yorùbá kó tó dé ọjà. Àwọn ọmọ wa tí a bí síbẹ̀ kì í sábà pàdé orúkọ Yorùbá nínú géèmù. Nínú Age of Empires III, wọ́n á pàdé rẹ̀: láti oṣù Kẹjọ ọdún 2021 tí àfikún The African Royals ti jáde, Yorùbá wà lára àwọn onílẹ̀ tí a lè bá mulẹ̀ lórí máàpù Áfíríkà. Ẹ jẹ́ ká jókòó ti ọmọ náà, ká jọ ṣe é.

1. Ká mú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Ìjọba Haúsá wù mí jù, ṣùgbọ́n ìlànà tiwọn yàtọ̀. Ó di ẹ̀yìn ọ̀la. Ká yan máàpù Áfíríkà, kí kọ̀ǹpútà jẹ́ ọ̀tá wa ní ìpele tó rọrùn jù.

2. Ká rán olùṣàwárí wa yí ilé ká, kó máa fẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Abúlé tí ààyè òfìfo wà láàárín ilé rẹ̀ là ń wá. Bí kì í bá ṣe ti Yorùbá, kò burú. Bákan náà la ṣe ń lò ó.

3. Ká kó òṣìṣẹ́ sídìí igi. Ibùdó òwò tí olùṣàwárí máa kọ́ sínú ààyè yẹn ń gba igi 200. Ilé Gẹ̀ẹ́sì kan ń gba 135, ó ń fi ààyè ènìyàn 10 kún tiwa, òṣìṣẹ́ kan sì ń bá a wá. Ilé ni kó ṣáájú. Àmọ́ ká má pẹ́: ẹni kan ṣoṣo ló ń ni abúlé kan.

4. Ká tẹ ibùdó náà, ká gbé ọfà máòsì lé àwòrán ọmọ ogun ibẹ̀, ká kà á kí a tó rà. Ọlọ́kọ̀ ń borí ẹlẹ́ṣin. Ẹlẹ́ṣin ń borí tafàtafà. Tafàtafà ń borí ọlọ́kọ̀. Ohun tí ọ̀tá kó wá ni ká fi pinnu.

5. Ibí yìí gan-an ni agbára wọn wà: ọmọ ogun onílẹ̀ kì í gba ààyè nínú iye ènìyàn wa. Oníbọn Gẹ̀ẹ́sì, tó ń jẹ oúnjẹ 75 àti owó 25, kò ní jáde bí ilé bá ti kún. Ti onílẹ̀ á jáde. Nítorí náà, ìgbà tí ilé kún, tí ọ̀tá sì ti ń bọ̀, ni ká rà wọ́n. Wọ́n ní òǹkà tí wọn kì í kọjá. Abúlé kejì ti ẹ̀yà kan náà á gbé e sókè.

6. Ká kó oníbọn wa pọ̀ sí Ctrl àti 1, kí onílẹ̀ wà ní Ctrl àti 2. Tafàtafà gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn oníbọn. Bí ẹlẹ́ṣin ni wọ́n, ká tẹ 2, ká darí wọn gba ẹ̀gbẹ́ lọ bá àwọn tafàtafà ọ̀tá. Ẹ má rán wọn lọ láwọn nìkan.

7. Nígbà tí a bá wọ sànmánì kẹta (oúnjẹ 1200, owó 1000), ibùdó lè sọ ọmọ ogun onílẹ̀ di akọni. Kó yá bí wọ́n bá pọ̀ lọ́wọ́ wa. Bí wọ́n bá kéré, ká fi owó náà ra ìbọn ńlá.

8. Ká máa tọ́jú eré pamọ́ lóòrèkóòrè, torí iná Jóbọ̀gì lè lọ. Ká sì fi igi 200 sílẹ̀ láì ná an: bí ọ̀tá bá wó ibùdó, olùṣàwárí á tún un kọ́ kí tiwọn tó débẹ̀.