Àpótí Ìmọ̀: Ta Ló Ń Fi Owó Bọ́ Oko?

Lọ́dún 2003, àwọn olórí orílẹ̀-èdè Áfíríkà pàdé ní Maputo, olú-ìlú Mòsámbíìkì. Wọ́n pinnu pé ó kéré tán, ìdá 10 nínú 100 owó ìṣúná ìjọba yóò máa lọ sí iṣẹ́ àgbẹ̀. Wọ́n tún un sọ ní ìlú Malabo lọ́dún 2014, síbẹ̀ ìjọba tó mú un ṣẹ kò pọ̀.

Báńkì náà ń lọ́ra láti yá àgbẹ̀ lówó. Ẹ̀gẹ́ tí a gbìn lónìí lè tó ọdún kan kó tó ṣeé wà, bẹ́ẹ̀ ìsanpadà oṣooṣù ni báńkì sábà ń fẹ́. Ilẹ̀ ìdílé tí kò níwèé kò sì ṣeé fi dógò. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ fi ń dá èésú: wọ́n ń dá owó jọ, ẹni tó bá kàn ló ń kó o, á fi ra ajílẹ̀ kí òjò tó dé.