Àwọn Ẹ̀ṣọ́ Tí A Bí Mọ́ Wa

Láti ọjọ́ ìbí wa ni Ẹlẹ́dàá ti fi ẹ̀ṣọ́ sí ara wa. Awọ ara ni odi. Omijé ń fọ ojú. Omi kíkan inú ikùn sì ń pa ọ̀pọ̀ kòkòrò àrùn.

Bí ìṣó bá gún ọmọ wa lẹ́sẹ̀, odi ya nìyẹn. Kíá ni àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ yóò dé ibẹ̀, tí wọn yóò máa gbé kòkòrò mì. Ìjà wọn ló ń mú kí ojú ọgbẹ́ wú, kí ó sì gbóná. Òkú wọn ló pọ̀ nínú ọyún.

Ṣùgbọ́n agbára wọn kò ká májèlé tẹ́tánọ́ọ̀sì. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a fi omi àti ọṣẹ fọ ojú ọgbẹ́, kí a sì mú ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́.