Ẹ̀kọ́ Kọkànlá: Àpò Tí Ó Yẹ Alùpùpù

 

Ní ilẹ̀ wa lónìí, alùpùpù ti di ẹsẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Láti Kabba dé Ìyàrá, láti Mopa dé Ìsánlú, àti ní àwọn abúlé Búnú tí mọ́tò kì í fẹ́ wọ̀, òun ni a ń gùn lọ sí oko, sí ọjà àti sí òde ìnáwó. Ẹni tí ó ń lọ kò sì lè ṣàìní ẹrù. Ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ ra alùpùpù, a máa ń bèèrè nípa ẹ́ńjìnnì, a máa ń wo táyà. Nígbà tí ó bá kan ohun tí a ó fi di ẹrù, a kì í bèèrè nǹkan kan. Àpò tí ọwọ́ wa bá kọ́kọ́ bà nínú ilé ni a ń gbé.

Ohun tí a fẹ́ kọ́ lónìí ni bí a ṣe ń yan àpò rírọ̀ tí a ó dè mọ́ alùpùpù, kí ẹrù lè dé láìbàjẹ́, kí ẹni tó gbé e náà sì dé ní àlàáfíà.

OHUN TÍ OJÚ WA RÍ

Kí á tó kọ́ ẹlòmíràn, ó yẹ kí á sọ àṣìṣe tiwa. Ní ọdún kan, nínú oṣù kẹfà, a lọ kó ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àgbà ní abúlé kan ní Búnú. Ìwé mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni. Lẹ́tà kan wà láàrin wọn tí màmá kan kọ sí ọmọ rẹ̀ ní Àbújá. Màmá náà ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Lẹ́tà àkọ́kọ́ tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ láyé rẹ̀ nìyẹn. Ó ní kí á bá òun fi ránṣẹ́ láti Kabba.

A kó gbogbo rẹ̀ sínú àpò Ghana-Must-Go. A fi okùn kan ṣoṣo so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́ alùpùpù, a sì gbéra. A ń kánjú, nítorí pé òjò ti ṣú.

Kò pẹ́ tí a bẹ̀rẹ̀ sí gbọ́ òórùn. A rò pé ẹnì kan ń sun nǹkan nínú oko. Nígbà tí a ó fi dúró, okùn ti dẹ̀, àpò sì ti rọra sọ̀ kalẹ̀ lé páìpù èéfín. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti yọ́ bí òrí tí ó rí oòrùn. Ìwé mẹ́rin jóná tán. Lẹ́tà màmá náà wà nínú ohun tí ó jóná. Bí a ti ń tú ìyókù sílẹ̀ ni òjò dé, ó sì ba púpọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, a padà lọ bẹ̀bẹ̀. A ní, "Màmá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú. Lẹ́tà yín jóná lọ́wọ́ wa."

Màmá dákẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ọ̀gá Tíṣà, ọwọ́ tí ó kọ ọ́ kò jóná. Ẹ mú bírò wá."

Ó jókòó, ó tún un kọ. Ṣùgbọ́n ojú tì wá. Iṣẹ́ tí àgbàlagbà fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣe ni a fi àìbìkítà sun. Láti ọjọ́ náà ni a ti ń fi ojú wo àpò kí á tó gbé e.

ÀPÒ NÍGBÀ ÀTIJỌ́ ÀTI LÓNÌÍ

Ọ̀rọ̀ àpò kì í ṣe tuntun láàrin wa. Nígbà tí a ń ná owó ẹyọ, ọ̀kẹ́ ni a ń kó o sí. Ọ̀kẹ́ kan jẹ́ ẹgbàáwàá owó ẹyọ, èyí ni 20,000. Bẹ́ẹ̀ ni orúkọ àpò ṣe di orúkọ iye. Àwọn Haúsá tí ń da kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ sì máa ń fi àpò onílé méjì kọ́ ọ lẹ́yìn: ilé kan lọ́tùn-ún, ilé kan lósì. Ẹ fi èyí sọ́kàn. Ọgbọ́n kan náà ni a ó fi di ẹrù alùpùpù.

Àpò tí ó wọ́pọ̀ jù lónìí ni Ghana-Must-Go. Ní oṣù kìíní ọdún 1983, ìjọba Shehu Shagari pàṣẹ pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé àṣẹ kúrò ní Nàìjíríà. Ará Ghana ni ó pọ̀ jù nínú wọn. Irú àpò yìí ni ọ̀pọ̀ wọn fi kó ẹrù wọn, ibẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ ti wá. Ó fúyẹ́, ó gba ẹrù púpọ̀, kò sì wọ́n. Ṣùgbọ́n àpò tí a ó fi ọwọ́ gbé, tàbí tí a ó tì sínú mọ́tò, ni. A kò ṣe é fún alùpùpù.

ÈÉ ṢE TÍ A FI FẸ́ ÀPÒ RÍRỌ̀?

Àwọn arìnrìn-àjò ìlú òkèèrè tí ń gun alùpùpù lọ sí ọ̀nà jíjìn máa ń jiyàn lórí èyí: ṣé àpótí irin ló dára ni, àbí àpò rírọ̀? Àpótí irin ní kọ́kọ́rọ́, olè kì í lè tètè ṣí i. Ṣùgbọ́n ó wúwo. Bí alùpùpù bá ṣubú nínú iyanrìn tàbí nínú ẹrẹ̀, àpótí irin lè tẹ ẹsẹ̀ ẹni mọ́lẹ̀, ó sì lè ṣẹ́ egungun. Àpò rírọ̀ fúyẹ́. Bí a bá ṣubú, ó ń tẹ̀. Bí ó bá ya, abẹ́rẹ́ àti òwú lè tún un ṣe ní abúlé kábúlé. Fún ọ̀nà oko wa, àpò rírọ̀ ni ó yẹ jù.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe fún ohun gbogbo o. Ẹyin àti ìgò ń fẹ́ ohun líle. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tí ń gun alùpùpù lọ fún àwọn ọmọdé ní abẹ́rẹ́ àjẹsára kì í kó o sínú àpò lásán. Kúlà líle ni wọ́n ń gbé, nítorí pé oògùn náà gbọ́dọ̀ wà ní tútù. Owó àti ìwé pàtàkì, ara ẹni ni kí á fi wọ́n sí. Àpò rírọ̀ kò lè dá olè tí ó mú ọ̀bẹ dúró.

Ọ̀TÁ MẸ́TA

Àpò orí alùpùpù ní ọ̀tá mẹ́ta. Ẹni tí ó bá mọ̀ wọ́n ti mọ àpò í yàn.

Ọ̀tá kìíní ni iná. Páìpù tí èéfín ń gbà jáde ni àwọn mọkálíìkì ń pè ní sàlẹ́ńsà. Omi ń hó ní dígírì 100. Ọ̀rá tí a fi hun Ghana-Must-Go àti àpò ìrẹsì ń yọ́ ní nǹkan bí dígírì 160 sí 165. Páìpù náà, ní ìtòsí ẹ́ńjìnnì, lè gbóná ju 200 lọ. Ẹ̀yin náà ẹ ṣírò ó. Kánfáásì nípọn kì í yọ́ bí ọ̀rá, ṣùgbọ́n òun náà lè jó. Nítorí náà, kò sí àpò tí ó gbọ́dọ̀ kan páìpù. Ẹ jẹ́ kí àlàfo tí ó tó ìbú ọwọ́ méjì wà láàrin wọn. Ẹ lè ní kí wẹ́dà jó irin kékeré mọ́ ẹ̀gbẹ́ alùpùpù, kí àpò má baà tẹ̀ sí i.

Ọ̀tá kejì ni ẹsẹ̀ ẹ̀yìn alùpùpù àti ṣéènì rẹ̀. Àpò tí ó gùn jù lọ sísàlẹ̀, tàbí tí okùn rẹ̀ ń fì, lè wọ inú sípóòkù. Bí okùn bá ká mọ́ ibẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn yóò dúró lójijì, ẹni tó gùn ún yóò sì ṣubú. Ìró àti agbádá náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ yan àpò tí kò gùn kọjá àárín ẹsẹ̀ alùpùpù. Bí okùn bá ṣẹ́kù lẹ́yìn tí ẹ ti dì í, ẹ ká a, kí ẹ tì í bọ inú.

Ọ̀tá kẹta ni omi. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bí síìpù bá ti padé, omi kò lè wọlé. Irọ́ ni. Omi ń gba eyín síìpù wọlé, ó sì ń gba ojú ihò abẹ́rẹ́ níbi tí a ti rán àpò. Àpò tí ó dára fún òjò ni èyí tí a fi tápólì ṣe, tí ẹnu rẹ̀ gùn, tí a lè ká ẹnu náà lẹ́ẹ̀mẹta kí á tó dè é. Bí ẹ kò bá rí irú rẹ̀, ẹ kó ẹrù sínú náílọ́ọ̀nù nípọn, ẹ di ẹnu rẹ̀, kí ẹ tó kó o sínú àpò. Ọgbọ́n kan náà ni yóò gbà yín lọ́wọ́ eruku ìgbà ọyẹ́.

BÍ A ṢE RA TIWA

A lọ sí ọjà Kabba, a bá màmá kan tí ń ta àpò.

"Ẹ káàbọ̀, Ọ̀gá Tíṣà. Ẹ wo èyí. Ó tóbi, ó sì ń dán."

"Ẹ kú ọjà, Màmá. Ó dára lójú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí á yí inú rẹ̀ síta."

"Inú kẹ̀? Ṣebí ìta ni ènìyàn ń rí!"

"Inú ló ń ru ẹrù, Màmá."

A yí i síta. Ojú rírán kan péré ni wọ́n rán ọwọ́ àpò náà, etí ẹnu rẹ̀ ni wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́. A gbé òmíràn, àpò kánfáásì tí àwọ̀ rẹ̀ ṣú. Okùn pẹlẹbẹ tí ó di ọwọ́ rẹ̀ gba abẹ́ ìdí àpò kọjá, ó sì yí i ká. Ojú rírán méjì ni wọ́n rán an.

Màmá rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin tíṣà yìí náà! Ẹ ń yẹ àpò wò bí ìwé ọmọ iléèwé. Ó ti pẹ́ tí èyí ti wà ńlẹ̀, kò sẹ́ni tó wò ó."

A ra méjì. Tẹ́lọ̀ bá wa fi kánfáásì pẹlẹbẹ so wọ́n pọ̀, ó di onílé méjì tí a lè gbé kọ́ orí ìjókòó, gẹ́gẹ́ bí ti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́.

BÍ A ṢE Ń DI ẸRÙ

1. Ẹrù tó wúwo ni kí ó wà nísàlẹ̀, kí ó sì súnmọ́ ẹni tó ń wa alùpùpù. Bí ẹrù bá pọ̀ jù lẹ́yìn pátápátá, iwájú yóò fúyẹ́, alùpùpù kò sì ní gbọ́ràn sí ọwọ́ mọ́.

2. Ọ̀tún àti òsì gbọ́dọ̀ dọ́gba. Bí ọ̀tún bá jẹ́ kílò 14, tí òsì jẹ́ kílò 8, ẹ mú kílò 3 láti ọ̀tún sí òsì. Méjèèjì yóò di kílò 11.

3. Ẹ má ra àpò tó tóbi ju ẹrù yín lọ. Àpò tí kò kún ń mì, mímì ló ń dẹ okùn. Àpò tó tóbi sì máa ń tan ènìyàn láti fi kún ẹrù.

4. Okùn méjì ni kí ẹ fi dè é, kì í ṣe ẹyọ kan. Rọ́bà tí a gé lára túùbù ògbólógbòó dára, nítorí pé ó ń fà mọ́ ẹrù. Ẹ má dí iná ẹ̀yìn.

5. Bí ẹ bá ti rìn díẹ̀, ẹ dúró, ẹ fi ọwọ́ kan àpò, ẹ wo okùn. Ibi tí àwa ti ṣìṣe nìyẹn. Bí a bá ti dúró lẹ́ẹ̀kan péré ní ọjọ́ náà, lẹ́tà màmá kì bá tí jóná.

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ̀yin ará wa, ẹrù tí a di sẹ́yìn kì í ṣe ẹrù lásán. Ó lè jẹ́ ọjà tí ẹnì kan yá owó rà. Ó lè jẹ́ aṣọ ìgbéyàwó. Ó lè jẹ́ lẹ́tà àkọ́kọ́ tí àgbàlagbà kọ. Ẹni tí ó gbé e lé wa lọ́wọ́ kò sí níbẹ̀ láti ṣọ́ ọ. Àwa ni ojú rẹ̀ lójú ọ̀nà.

ÌBÉÈRÈ

1. Kí ni ó jẹ́ kí àpò àwọn olùkọ́ kan páìpù èéfín?
2. Dárúkọ ọ̀tá mẹ́ta tí àpò orí alùpùpù ní.
3. Èwo nínú ẹrù yìí ni kò yẹ kí á kó sínú àpò rírọ̀: aṣọ, ẹyin, ìwé, gààrí?
4. Ìṣirò: Ọ̀tún jẹ́ kílò 16, òsì jẹ́ kílò 10. Kílò mélòó ni a ó mú láti ọ̀tún sí òsì?
5. Ka ọ̀rọ̀ mẹ́ta yìí sókè, kí o sì ṣọ́ àmì orí wọn: okun (agbára), okùn (ohun tí a fi ń di ẹrù), òkun (omi ńlá). Fi ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kọ gbólóhùn kan sínú ìwé rẹ.