Ògúndá Méjì àti Ẹni Tó Ń Wá Ilé n'Ìbàdàn

 

Ìbéèrè kan ń pọ̀ lọ́dọ̀ mi. Ọ̀dọ́ kan á ríṣẹ́ n'Ìbàdàn, bẹ́ẹ̀ kò dé ibẹ̀ rí. Á wá ní, "Bàbá, ẹ bá mi bi Ifá, àdúgbò wo ni kí n gbé?" Owó ilé ọdún kan ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Fún ẹlòmíràn, ohun tí ìyá àti ẹ̀gbọ́n dá jọ nìyẹn. Ajẹ́ńtì sì ti ń pè é láràárọ̀ pé bí kò bá tètè sanwó, ẹlòmíì á gbalé mọ́ ọn lọ́wọ́. Bó bá wá san án tán tí omi ń wọ yàrá, tàbí tó rí i pé wákàtí mẹ́ta lòun ń lò lójú ọ̀nà lójúmọ́, ta ni yóò dá owó yẹn padà fún un?

Ìbéèrè náà ò burú. Àwọn baba wa kì í ṣí láti ìlú kan lọ sí òmíràn láì fọ̀rọ̀ lọ Ifá. Bí àwọn ọmọ yìí ṣe ń béèrè ni kò pé. Ẹ jẹ́ ká gba inú Ògúndá Méjì wò ó. Mi ò ní ki ẹsẹ náà síbí. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ kíkì, ẹ lọ bá olúwo yín. Ìtàn inú rẹ̀ ni mo fẹ́ kí á fi kọ́gbọ́n.

Ọ̀rẹ́ mẹ́ta ni wọ́n: Oríseékú ọmọ Ògún, Orílèémèrè ọmọ Ìja, àti Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà. Wọ́n ń ti òde ọ̀run bọ̀ wá sílé ayé, ibi tí wọn ò dé rí, láti wá máa gbébẹ̀. Wọ́n ní kí wọ́n kọ́kọ́ lọ yan orí nílé Àjàlá, alámọ̀ tó ń mọ orí. Àwọn méjì kọjá lọ tààrà. Afùwàpẹ́ ní tòun, òun á kọ́kọ́ rí bàbá òun. Nílé bàbá rẹ̀ ni wọ́n ti dá Ifá fún un, tí wọ́n ní kó fi iyọ̀ àti owó rúbọ. Nígbà tó rúbọ tán, wọ́n bu díẹ̀ nínú rẹ̀ fún un pé kó máa mú un lọ.

Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti dé ilé Àjàlá ṣáájú. Wọn ò bá a nílé. Dípò kí wọ́n dúró, wọ́n wo orí tó wà nílẹ̀, wọ́n mú èyí tó tóbi, tó ń dán, wọ́n gbé e kárí. Wọn ò mọ̀ pé orí náà ò jiná nínú iná. Bí wọ́n ṣe forí lé ọ̀nà ayé, òjò dé. Òjò pa wọ́n, pa wọ́n, orí ń yìnrìn, ó ń já sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí wọ́n dáyé, wọ́n ṣiṣẹ́ ṣiṣẹ́, ohun tí wọ́n ń rí ò tó nǹkan. Ara orí ni iṣẹ́ wọn ń tún ṣe.

Ẹ kíyè sí i: kò síbi tí ìtàn yìí ti pè wọ́n ní ọ̀lẹ. Ojú ni wọ́n fi yàn, ojú sì rí ẹwà. Òjò ló sọ òótọ́ fún wọn.

Ìbàdàn, òjò ni ká kọ́kọ́ sọ. Ìlú òkè àti odò ni. Odò Ògùnpa gba àárín ìgboro, Kúdẹtì wà níbẹ̀, odò Ọ̀nà sì gba apá ìwọ̀ oòrùn. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, Ògùnpa kún bo bèbè, ó gbé ilé, ó gbé èèyàn; àwọn àgbà ìlú ṣì ń ka ọjọ́ orí ọmọ láti ìgbà náà. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, òjò tún rọ̀, omi gbé afárá Apẹ̀tẹ̀ lọ, ẹ̀mí tó lé ní 100 sì bá a rìn káàkiri ìgboro. Ìparí oṣù kẹjọ ni méjèèjì. Oṣù wo wá ni àwọn ọmọ wa fi ń wo ilé? Oṣù kìíní, nígbà tí eruku bo gbogbo nǹkan, tí onílé ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́n ọ̀dà tuntun sára ògiri. Orí tó ń dán nìyẹn.

Bí o bá lè dúró, lọ wo ilé náà lọ́jọ́ tí òjò rọ̀, tàbí ọjọ́ kejì rẹ̀. Bí o ò bá lè dúró, wo ìsàlẹ̀ ògiri fẹ́ǹsì, bóyá ilà omi wà lára rẹ̀. Wo ẹnu ọ̀nà àwọn aládùúgbò: bí o bá rí i pé gbogbo wọn fi búlọ́ọ̀kù àti sìmẹ́ǹtì dínà sí ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, kí ni wọ́n ń dínà fún? Odò kékeré tí o fi ẹsẹ̀ kan rékọjá lọ́gbẹlẹ̀, béèrè orúkọ rẹ̀. Odò tó bá ní orúkọ, ó ní agbára.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ Afùwàpẹ́, nítorí ibi tí ìtàn náà ti dùn jù nìyí. Lójú ọ̀nà, ó kan oníbodè kan tó ń fi eérú se ọbẹ̀. Afùwàpẹ́ bu iyọ̀ fún un. Ọkùnrin náà tọ́ ọ wò, inú rẹ̀ dùn, ó wá sọ ohun tí kò sọ fún àwọn méjì tó ti kọjá: pé Àjàlá jẹ gbèsè, orí àjà ló máa ń sá sí bí olówó bá dé, àti pé bí ọmọ yìí bá bá a san gbèsè, yóò sọ̀ kalẹ̀ wá bá a yan orí tó dára. Bẹ́ẹ̀ ló sì rí.

Gbogbo àdúgbò ló ní oníbodè. Alákàrà tó ń dáná ní ìkóríta láti aago márùn-ún ìdájí, ó mọ ilé tí olè wọ̀ lóṣù tó kọjá. Ẹni tó ń lẹ táyà mọ ibi tí àwọn ọmọ ìta máa ń dúró sí. Ìyá eléèlò mọ ẹni tó kó jáde àti ìdí tó fi kó jáde. Ajẹ́ńtì ò lè sọ èyíkéyìí nínú rẹ̀ fún ọ, nítorí ọjọ́ tí o bá sanwó ló ń jẹun. Kọmíṣọ́ọ̀nù rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá owó ilé, àgírímẹ́ǹtì tún fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ra àkàrà. Jókòó jẹ ẹ́ níbẹ̀. Kí ìyá dáadáa, kí o kúnlẹ̀ tàbí kí o dọ̀bálẹ̀ bó ṣe yẹ, kí o tó la ẹnu. Iyọ̀ tìrẹ nìyẹn. Àwọn ọmọ ayé òde òní á sọ̀kalẹ̀ nínú Micra, wọ́n á yọ fóònù, wọ́n á ya fọ́tò ilé, wọ́n á wọkọ̀ padà. Wọ́n ti kọjá lára oníbodè.

Bi í léèrè iná. Láti oṣù kẹrin ọdún 2024 ni owó iná àwọn tó wà ní Band A ti fò sókè, nítorí wọ́n ní wọ́n gbọ́dọ̀ rí iná fún ó kéré tán wákàtí 20 lóòjọ́; ti Band E, ó kéré tán wákàtí 4 ni àdéhùn sọ. Òpópónà kan náà lè wà lórí wáyà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, apá ọ̀tún á mọ́lẹ̀, apá òsì á ṣókùnkùn. Nítorí náà má béèrè pé "ṣé iná wà ládùúgbò yìí?" Béèrè pé, "Màámi, lánàá, aago mélòó ni wọ́n muná dé ilé yẹn?"

Gbèsè Àjàlá ńkọ́? Èyí ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í wò. Rí onílé fúnra rẹ̀, tàbí ẹni tí gbogbo ẹbí mọ̀ pé ó ń gba owó. Àwọn ilé kan wà tí àwọn ọmọ olóògbé ń bá ara wọn du lọ́wọ́. O sanwó fún ẹ̀gbọ́n, àbúrò á wá fi àgádágodo ti géètì. Omíràn, ẹni tó kó jáde ti jẹ gbèsè iná sílẹ̀ lórí mítà, orí rẹ ni yóò já lé. Ilé tí onílé rẹ̀ ń sá pa mọ́ kó tó gbowó rẹ, báwo ni yóò ṣe rí lọ́jọ́ tí òrùlé bá ń jò?

Ọ̀rọ̀ ọ̀nà ò gùn. Mọ́níyà dára, ilẹ̀ fẹ̀ níbẹ̀, ibẹ̀ ni ibùdókọ̀ ojú irin tó ń lọ Èkó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2021 wà. Bí Èkó ni o ti ń ṣiṣẹ́, tàbí bí iṣẹ́ rẹ bá wà l'Ọ́jọ̀ọ́, gbé ibẹ̀. Bí iṣẹ́ rẹ bá wà ní Challenge, Ọjọ̀ọ́, Ṣángo, Mọ́kọ́lá àti Dùgbẹ̀ ni o máa gbà kọjá láràárọ̀, o ò ní í bá wa dúpẹ́. Wọ ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan ní aago méje àárọ̀ Mọ́ńdè kí o tó sanwó. Má fi Sátidé dán an wò.

Ẹlòmíràn á ní òun lówó, ibi tí àwọn ọlọ́lá wà lòun ń lọ. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n Bódìjà àtijọ́ ni àdó olóró ti bú gbàmù ní ọjọ́ 16 oṣù kìíní ọdún 2024. Gómìnà Ṣèyí Mákindé sọ pé àwọn awakùsà tí kò gbàṣẹ ló kó àdó náà sínú ilé kan níbẹ̀. Ilé wó, èèyàn kú. Géètì ga débi pé aládùúgbò kò mọ ohun tí aládùúgbò ń kó wọlé. Ní agboolé Bẹẹrẹ tàbí Ọjà'ba, ariwo pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí o bá gbé àpótí kan wọlé, ìyá àgbà tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà á bi ọ́ léèrè. Èmi ò sọ pé kí gbogbo èèyàn lọ gbé Bẹẹrẹ o. Mò ń sọ pé kí o mọ ẹni tó wà ní ẹ̀gbẹ́ ògiri rẹ.

Ẹ̀yin tí ẹ tẹ Ifá, ọ̀rọ̀ tiyín tún yàtọ̀. Òfin ilẹ̀ yìí, abala 38 nínú ìwé òfin 1999, fún gbogbo wa láṣẹ láti sin ohun tí a bá fẹ́. Ní 2023, ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ wà lára àwọn tó ṣe ìsinmi Ìṣẹ̀ṣe nínú oṣù kẹjọ. Síbẹ̀, onílé kan lè rí ọpọ́n lórí tábìlì rẹ kó ní o fẹ́ ba ilé òun jẹ́. Àwọn àgbà kan ní kí o fi ọ̀pẹ̀lẹ̀ sínú àpò títí ìwọ àtàwọn ará ilé yóò fi mọra. Ìmọ̀ràn náà ò ṣàì ní ọgbọ́n. Èrò tèmi yàtọ̀: sọ ọ́ kí owó tó kúrò lọ́wọ́ rẹ. "Ẹ̀yin bàbá, oníṣẹ̀ṣe ni mí, mo máa ń kífá mi láàárọ̀, mi ò ní í dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́." Bójú rẹ̀ bá yí padà, o ti mọ̀, owó rẹ ṣì wà lápò. Ọmọ tó ń gbálẹ̀ ojúbọ ní kọ̀rọ̀, tó ń fi aṣọ bo ikin nígbàkígbà tí wọ́n bá kanlẹ̀kùn, ìbẹ̀rù ni yóò máa bá Ifá rẹ̀ sọ. Béèrè pẹ̀lú bóyá ilé awo wà nítòsí, kí o lè rí àgbà sá tọ̀ lóru.

Nígbà tí o bá ti rìn tó báyìí, Ifá kù. Má gbé odindi Ìbàdàn wá síwájú ọpọ́n. Mú ilé méjì, ó pọ̀ jù mẹ́ta, tí o ti fẹsẹ̀ ara rẹ tẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, a ó dá Ifá fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, a ó wo odù tó ṣe àgbà. Bí Ìwòrì Méjì bá jáde fún ti Agbowó, tí Ọ̀sá Méjì jáde fún ti Apẹ̀tẹ̀, Ìwòrì ló ṣáájú, Agbowó ni Ifá ń tọ́ka sí. Lẹ́yìn náà ni a ó dìbò láti mọ̀ bóyá ire ni tàbí ibi, àti irú ire tó jẹ́: ṣé àìkú ni, ṣé owó ni, ṣé ọmọ ni, ṣé ìṣẹ́gun ni. Ire owó àti ire àìkú kì í ṣe ọ̀kan náà, ẹ̀bọ wọn ò sì bára mu. Bí ibi bá jáde fún ilé tí o ti sanwó rẹ̀, ìyẹn ò ní kí o máa kẹ́rù jáde lálẹ́ ọjọ́ náà. A ó bi í bóyá ìjà ni tàbí òfò, a ó béèrè ẹbọ, o ó rú u, o ó sì mọ ibi tí o ti gbọ́dọ̀ ṣọ́ra.

Ẹni tó bá fẹ́ kí n bá òun wò ó, kó kọ orúkọ òpópónà àwọn ilé náà, orúkọ odò tó sún mọ́ wọn jù, àti ohun tí alákàrà ibẹ̀ sọ. Kó mú obì, kó sì fi ojúmọ́ wá.