Ẹ Yẹ Ike Oògùn Wò Kí Ẹ Tó Rà Á

Ẹ̀kọ́ wa tòní dá lórí ọ̀rọ̀ dídùn tí wọ́n máa ń kọ sára ike oògùn apakoríko àti oògùn kòkòrò: "Kò léwu," "Kò ba ilẹ̀ jẹ́." Ṣé ká kàn gbà á bẹ́ẹ̀? Rárá o. Ìlànà àjọ FAO àti WHO sọ pé kò yẹ kí wọ́n fi "kò léwu" polówó oògùn oko, kódà bí wọ́n bá fi "tí ẹ bá lò ó bó ṣe yẹ" kún un.

Ẹ wo ìlà aláwọ̀ tó wà nísàlẹ̀ ìwé ara ike. Èyí tó pupa ni májèlé rẹ̀ le jù. Àwọ̀ ìyeyè ló tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà búlúù, kó tó kan àwọ̀ ewé. Àwọn kan rò pé àwọ̀ ewé túmọ̀ sí pé oògùn náà kò ní pa ilẹ̀ lára. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìpalára ojú ẹsẹ̀ fún ara èèyàn ni àwọ̀ náà ń sọ. Kò sọ nípa ẹja, oyin tàbí omi kànga. Ẹ wo atrazine tí a mọ̀ mọ́ oko àgbàdo: kò sí lára àwọn tó ń gbé àmì pupa, síbẹ̀ Ìṣọ̀kan Yúróòpù kọ̀ ọ́ lọ́dún 2004 nítorí pé ó ń wọ inú omi abẹ́ ilẹ̀.

Kí wá ni ṣíṣe?

1. Ẹ ka orúkọ oògùn tó wà nínú ike gan-an, kì í ṣe orúkọ tí ilé iṣẹ́ sọ ọ́ nìkan. NAFDAC ti fòfin de paraquat láti January 1, 2024. Orúkọ yòówù kí wọ́n pè é lọ́jà, ẹ má rà á.

2. Ẹ wá nọ́ńbà NAFDAC. Bí kò bá sí, ẹ dá a padà. Bó bá sì wà, ìyẹn ò ní kó má jẹ́ májèlé.

3. Ẹ ka ẹ̀yìn ike. Bí iwájú bá ní "kò pa omi lára," tí ẹ̀yìn ní "ẹ má jẹ́ kó dé odò," ẹ̀yìn ni kí ẹ gbà gbọ́. Ibẹ̀ náà lẹ ó ti rí iye ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ kọjá kí ẹ tó kórè.

Bí ẹ ò bá lè kà á, ẹ jẹ́ kí ọmọ yín tó lọ ilé ìwé kà á fún yín, tàbí kí ẹ gbé ike náà dé ọ̀dọ̀ olùkọ́ àgbẹ̀ yín. Odò tí a ń mu kò ṣeé rà lọ́jà. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí o.