Dúdú Ara Ewé Máńgòrò: Ẹ̀kọ́ Kékeré Lórí Ìpínsísọ̀rí Olú

Nígbà tí mo lọ gba orúkọ igi sílẹ̀ ní Apa, lágbègbè Àgbádárìgì, fún iṣẹ́ àpilẹ̀kọ mi, igi máńgòrò kan wà lẹ́yìn ilé tí mo wọ̀ sí. Ewé rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò. Mo bi màmá onílé pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí lẹ ń pe èyí?" Wọ́n ní, "Àìsàn ni, ọmọ mi. Bàbá tiẹ̀ ti ní ká gé e." Mo kọ "àìsàn" sínú ìwé mi. Mo ṣì í kọ.

Nígbà tí mo yí ewé náà padà, mo rí àwọn kòkòrò kéékèèké, funfun bí ẹni da ìyẹ̀fun lé wọn lórí. Wọ́n jẹ́ ara ẹbí tí wọ́n ń pè ní scale insects, nítorí ọ̀pọ̀ wọn lẹ̀ mọ́ igi bí ìpẹ́ ẹja. Wọ́n ń fa omi ara ewé mu, wọ́n sì ń tú omi dídùn jáde.

Bí a bá fi oúnjẹ pín àwọn olú tó ń bá kòkòrò wọ̀nyí rìn, ìsọ̀rí mẹ́ta la máa rí:

1. Èyí tó ń jẹ omi dídùn. Capnodium wà níbẹ̀. Kì í jẹ ewé, kì í sì í jẹ kòkòrò. Ó kàn ń dí oòrùn mọ́ ewé ni. Dúdú tí mo rí nìyẹn.

2. Èyí tó ń jẹ kòkòrò. Aschersonia ń wọ inú kòkòrò, ó ń pa á, ó sì ń yọ síta bí tìmùtìmù kékeré aláwọ̀ ọsàn. Ọ̀rẹ́ àgbẹ̀ ni.

3. Èyí tó ń bá kòkòrò gbé. Septobasidium ń tẹ́ ara rẹ̀ bò wọ́n bí òrùlé. Ó ń jẹ díẹ̀ nínú wọn, ó sì ń dáàbò bo àwọn yòókù. J. N. Couch kọ odindi ìwé lé e lórí ní 1938.

Ọ̀rọ̀ orúkọ wá kù. Ẹ rántí kíláàsì fonọ́lọ́jì: nínú "nílé" àti "lọ́jà", "ní" kan náà ni, fáwẹ́lì tó tẹ̀ lé e ló sọ ọ́ di "l". Kò sẹ́ni tó máa kà á sí ọ̀rọ̀ méjì. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ olú ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí olú yìí bá ń bí láìsí ìdàpọ̀ akọ àti abo, Aschersonia ni. Bí ìdàpọ̀ bá wà, ó di Hypocrella. Ìpàdé Melbourne ní 2011 ló fòpin sí i: láti January 1, 2013, olú kan, orúkọ kan.

Kí ni èyí kan onímáńgòrò? Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, irú kòkòrò funfun bẹ́ẹ̀ ya wọ Tógò, Benin àti Gánà. Ní 1986, D. J. Williams sọ ọ́ ní Rastrococcus invadens. Éṣíà ló ti wá, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti lọ wá ọ̀tá rẹ̀. Ní 1987, wọ́n tú agbọ́n kékeré kan láti Íńdíà, Gyranusoidea tebygi, sílẹ̀ ní Tógò. Kòkòrò dín kù, dúdú náà sì dín kù. Kò sẹ́ni tó bá olú jà.

Mo fi ìka nu ewé kan níwájú màmá. Dúdú náà ṣí, ewé tútù yọ lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n wò ó títí, wọ́n ní, "Ẹni tó ń da ṣúgà sílẹ̀ ló yẹ ká wá nìyẹn." Mo pa "àìsàn" rẹ́ nínú ìwé mi. Títí mo fi kúrò ní Apa, bàbá kò tíì gé igi náà.