Ẹ̀yin Ìyá, Ẹ Fi Téèpù Wọn Ikùn Yín

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí kan gbogbo obìnrin tí ó ti ń sún mọ́ àádọ́ta ọdún tàbí tí ó ti kọjá rẹ̀, ó sì kan àwọn ọmọ wọn pẹ̀lú.

Ní ilẹ̀ wa, bí ìyá àgbà bá sanra, ìyìn ni a fi ń kí i. A ó ní, “Màmá, ara tù yín o! Àwọn ọmọ ń tọ́jú yín.” Inú màmá a sì dùn. Èmi kò bá ẹnikẹ́ni jà nítorí irú ìkíni bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìsanra ni ó jẹ́ àlàáfíà. Ọ̀rá tí ó bá pọ̀ jù nínú ikùn lẹ́yìn tí nǹkan oṣù ti dúró a máa ṣílẹ̀kùn fún ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ àti àrùn ọkàn. Ó tún ń mú kí ewu jẹjẹrẹ ọmú àti ti ilé ọmọ pọ̀ sí i.

Kí ni ó ń fà á?

Láàrin ọdún 45 sí 55 ni ọ̀pọ̀ obìnrin ń ṣíwọ́ nǹkan oṣù. Bí oṣù 12 bá kọjá tí obìnrin tí ó ti tó ọjọ́ orí yìí kò rí i rárá, tí kì í ṣe oyún, àìsàn tàbí oògùn ni ó dá a dúró, ó ti parí nìyẹn. Àwọn kan gbà pé ẹ̀jẹ̀ tí kò jáde mọ́ ni ó ń gbára jọ sínú tí ó ń di ọ̀rá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹ̀jẹ̀ kankan tí ó há síbẹ̀. Èròjà kan wà nínú ara obìnrin tí àwọn dókítà ń pè ní ẹ́sítírójìn. Òun ni ó ń darí ọ̀rá sí ìdí àti itan nígbà tí obìnrin ṣì ń bímọ. Nígbà tí èròjà yìí bá dínkù, ikùn ni ọ̀rá ń lọ jókòó sí.

Ìdí kejì ni ọjọ́ orí. Bí a ti ń dàgbà ni iṣan ara wa ń dínkù. Iṣan ni ó ń jó oúnjẹ bí iná ti ń jó igi. Bí iṣan bá dínkù tí òkèlè kò dínkù, èyí tí ó ṣẹ́kù yóò di ọ̀rá.

Ìdí kẹta ni ìjókòó. Ìyá tí ó ti ń fẹsẹ̀ rìn lọ sọ́jà, tí ó ti ń gúnyán, tí ó ti ń pọnmi, yóò wá dé ọ̀dọ̀ ọmọ ní ìgboro, wọn yóò ní, “Ẹ jókòó, màmá, ẹ má ṣe yọnu.” Láti orí àga dé orí bẹ́ẹ̀dì ni ìrìn rẹ̀ kù sí.

Bí a ti ń wọ̀n ọ́n

Ẹ wá téèpù tí télọ̀ fi ń wọn aṣọ. Ẹ dúró, ẹ mí síta, ẹ má fa ikùn wọlé. Ẹ fi téèpù yí ara po ní àárín ìhà tí ó wà nísàlẹ̀ pátápátá àti orí egungun ìbàdí. Bí ó bá ti ju sẹ̀ǹtímítà 80 lọ, èyí tí ó tó íǹṣì 31 àti ààbọ̀, ewu ti bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá ju 88 lọ, ewu náà pọ̀ gan-an.

Kí ni kí a ṣe?

Ẹ má fi ebi pa ara yín. Iṣan àti egungun ni ebi ń jẹ. Ẹ dín òkèlè kù kí ó má ju ìdámẹ́rin àwo lọ. Kí ẹ̀fọ́ gba ààbọ̀ àwo, kí ẹja, ẹyin tàbí ẹ̀wà gba ìyókù.

Ẹ máa fi ṣíbí wọn epo sínú ìkòkò. Agbára tí ó wà nínú ṣíbí ọbẹ̀ kan epo, ìbáà ṣe epo pupa tàbí òróró, fẹ́rẹ̀ẹ́ tó èyí tí ènìyàn ń lò láti fi rìn kánkán fún ìṣẹ́jú 30. Ẹ yàgò fún ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Ìgò kékeré kan lè ní ṣúgà tí ó tó ṣíbí tíì 8.

Ẹ máa rìn kánkán fún ìṣẹ́jú 30 ní ọjọ́ márùn-ún láàrin ọ̀sẹ̀, ní ìwọ̀n tí ẹ fi lè sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí ẹ kò fi lè kọrin. Lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ẹ dìde lórí àga kí ẹ tún jókòó nígbà mẹ́wàá láì fọwọ́ ti nǹkan. Iṣan itan ni èyí ń dá padà.

Ẹ ṣọ́ra fún àgbo àti tíì tí wọ́n ní ó ń fọ ikùn. Ìgbẹ́ àti omi ni ó ń kó jáde; ọ̀rá yín wà níbẹ̀.

Ẹ má retí pé ẹ ó padà di ọmọge. Ẹni tí ó wọn kílò 90, bí ó bá dín kílò 4 àti ààbọ̀ péré kù, ó lè rí ìyàtọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ríru àti ṣúgà ara rẹ̀.

Ẹ lọ rí dókítà

Bí ẹ̀jẹ̀ bá tún yọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ẹ̀kán kan, lẹ́yìn tí ọdún kan ti kọjá, ẹ má pè é ní ìgbà èwe tí ó padà wá. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn láì fi ọjọ́ falẹ̀, nítorí ó lè jẹ́ àmì jẹjẹrẹ. Bákan náà ni bí ikùn bá ń yọ kíákíá tí ara yòókù ń rù, tàbí bí ẹsẹ̀ bá ń wú, tàbí bí òùngbẹ àti ìtọ̀ bá pọ̀ jù.

Ẹ̀yin ọmọ náà ńkọ́? Òkété tí ó bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n òwe náà kò ní kí òkété má rìn mọ́. Ẹ jẹ́ kí màmá fẹsẹ̀ lọ ra ata ní ìkóríta. Ẹ máa bá a rìn lálẹ́. Ìtọ́jú ni èyí náà.

Kí ẹ tó gbé ìwé ìròyìn yìí sílẹ̀, ẹ wá téèpù. Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.